Ẹ̀yin tí ẹ ní glaucoma, báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é tí ọkàn yín fi ń balẹ̀?

Tíṣà Òkè-Àdó:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ìbàdàn, ẹni ọdún 53 sì ni mí. Ó di ọdún méjì báyìí tí mo lọ gba awò ìkàwé, tí wọ́n wo ojú mi, tí wọ́n sì sọ fún mi pé glaucoma, àrùn tó ń pa iṣan ìríran lára, ti ba ojú òsì mi jẹ́ jìnnà, pé ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀tún. Dókítà tó sọ ọ́ fún mi kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà wá mọ́, ó kọ oògùn tí n ó máa kán sójú lálaalẹ́, ó sì pe ẹni tó kàn wọlé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó ń kọjá rò pé mò ń retí ẹnìkan ni.

Kì í ṣe oògùn ni mo wá béèrè níbí, nítorí mò ń lo tèmi déédéé. Ọkàn mi ni kò gbádùn. Bí mo bá ta jí lóru, n ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, n ó kọjú sí fèrèsé, n ó sì máa ka gíláàsì rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Mẹ́jọ ni wọ́n. Bí mo bá ka méje péré, àyà mi á já, n ó tan iná, n ó tún wọn kà. Ìgbà mìíràn wà tí mò ń ṣe èyí títí wọ́n á fi pe ìrun àsùbáà.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló tẹ̀lé e, òun gan-an ló sì dùn mí dé egungun. Níbi ìgbéyàwó kan lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìyàwó àbúrò mi wá kúnlẹ̀ kí mi ní ọwọ́ òsì, níbi tí n kò ti lè rí i. Ìlù ń dún, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń pariwo, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Mò ń jẹ mọ́ínmọ́ín mi lọ. Obìnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀ títí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú, kó tó dìde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti gba ẹbí kan pé n kò dá a lóhùn nítorí aáwọ̀ tó wà lórí ilé bàbá wa. Mo gbọ́, mo sì dákẹ́, nítorí ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pè mí ní agbéraga ju kí wọ́n pè mí ní afọ́jú lọ.

Ìyàwó mi rí i pé mò ń kán oògùn. Ohun tí mo sọ fún un ni pé ojú ń yún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lójú ọ̀nà yìí ṣáájú mi, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ ṣe?

Ìyá Aláṣọ, Òṣogbo:

Ẹ kú ìfaradà, Tíṣà. Ọdún 14 rèé tí wọ́n ti sọ tèmi fún mi, mo ṣì wà ní ìsọ̀ mi, mo ṣì ń ta àdìrẹ àti léèsì. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ni ojú rẹ̀ ń fọ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ fún èmi.

Ohun tí ẹ ń fi gíláàsì fèrèsé ṣe yẹn, aago ara ògiri ni èmi fi ń ṣe é. N ó di ojú kan, n ó wò ó bóyá nọ́ńbà 9 ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, mò ń ṣe é nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń ṣe é nígbà tí oníbàárà ń bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún dókítà mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣàlàyé pé àrùn yìí kì í sábà rìn láàárín òru kan sí èkejì lọ́nà tí èèyàn fi lè fi aago ara ògiri mọ̀ ọ́n, pé èsì àyẹ̀wò tí àwọn ń gbé kalẹ̀ wé ara wọn láti ọdún dé ọdún ló lè sọ bóyá nǹkan ti yí padà, àti pé oorun tí n kò sùn kò lè bá mi pa ojú mọ́. N kò lè jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé aago kúrò ní yàrá, ó sì tó oṣù mélòó kan kí ojú mi tó yé máa wá a lára ògiri.

Ní ti ìkíni, mo jìyà rẹ̀ dáadáa kí n tó gbọ́n. Ìyálọ́jà wa bi mí lọ́jọ́ kan níwájú èèyàn pé láti ìgbà wo ni mo ti di ẹni tí kì í kí àgbà. Mo bú sẹ́kún, mo sì sọ ohun tó ń ṣe mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní gbólóhùn kan tí mò ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bá mi dòwò pọ̀: ẹ̀gbẹ́ ojú mi kò ríran dáadáa, bí ẹ bá kí mi tí n kò dáhùn, ẹ fọwọ́ kàn mí léjìká. Mò ń sọ ọ́ báyìí bí ẹni ń sọ iye tí ọ̀pá aṣọ kan jẹ́. N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo èèyàn ló gbà á. Oníbàárà méjì kúrò lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan ní ẹni tí kò ríran kò lè wọn aṣọ kó gún. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéékèèké inú ọjà, kí wọ́n tó kúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń kígbe pé, “Ìyá, apá òsì yín ni mo wà o!”

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìwòsàn ojú ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ mi, mo sì fẹ́ fi díẹ̀ kún un, nítorí púpọ̀ nínú ìpayà yìí ló ń wá láti inú pé a kì í ṣàlàyé ohun tí à ń ṣe fún aláìsàn.

Ẹ wo àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń ní kí a gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, kí a máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkúùgbà tí a bá rí iná tóńtó. Mo ti rí ọkùnrin gìrìwò tó ń làágùn nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, tó sì jáde pẹ̀lú igbe pé òun ti fọ́jú tán, nítorí ó pẹ́ láàárín iná kan sí èkejì. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ẹ̀rọ náà máa ń dín iná kù títí ẹni tó jókòó níbẹ̀ kò fi ní rí i mọ́, kó lè mọ ibi tí agbára ojú rẹ̀ pin sí. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá kì í rí nǹkan bí ìdajì nínú wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ ló máa ń ká lára jù, ẹ rò pé ìdánwò tí èèyàn ń gba 100 nínú 100 ni. Bí ó bá rẹ̀ yín láàárín, ẹ sọ ọ́, wọ́n lè dá a dúró kí ẹ sinmi.

Ẹ̀bi tún wà níbẹ̀. Àwọn aláìsàn máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá àtùpà tí wọ́n fi kàwé ló fà á, tàbí ẹkún tí wọ́n sun nígbà tí ọmọ kú, tàbí ọwọ́ aráyé. Kò sí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Omi inú ojú kò ráyè jáde bó ṣe yẹ, agbára rẹ̀ ń ga, ó sì ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ lára. Nígbà mìíràn iṣan náà ń bàjẹ́ bí agbára náà kò tilẹ̀ ga. Ìdílé àti ọjọ́ orí ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ó sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ lára wa. Nínú ìwádìí ìfọ́jú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, nǹkan bí 5 nínú 100 àwọn tó ti pé ẹni 40 ọdún ni wọ́n bá a lára wọn, àwọn tó sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ní in kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tíṣà, níbi ìgbéyàwó tí ẹ sọ yẹn, àwọn mìíràn wà lórí ìjókòó tó ní in tí wọn kò tíì mọ̀. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti máa ń bínú sí èèyàn ni oògùn ojú tí a kàn rà ní kẹ́míìsì, tí a sì ń lò fún oṣù gbọọrọ láìsí ẹni tó kọ ọ́ fún wa, nítorí steroid, èròjà tí wọ́n fi ń mú kí wíwú àti pípọ́n rọlẹ̀, wà nínú òmíràn, òun náà sì lè gbé agbára omi ojú sókè.

Ẹ sọ bí ọkàn yín ṣe rí fún dókítà yín pẹ̀lú. Timolol, oògùn glaucoma tí ọ̀pọ̀ ń kán sójú, lè gba ojú wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó sì mú kí ara àwọn kan máa wúwo. Ó léwu fún ẹni tó ní asthma. Ẹ má fúnra yín dá a dúró, nítorí oògùn mìíràn wà tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá ti kán an, ẹ pa ojú dé, kí ẹ fi ìka tẹ kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú méjì, kó má baà ṣàn wọ ara. Bí ó bá sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí oorun kò wá, tí oúnjẹ kò wọlé, tí ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ yín mọ́, àìsàn ni ìyẹn náà, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Arò dẹ́rù bà yín. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá mú kì í ṣe wèrè. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé ibi tí èèyàn ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, kí ó má ṣe sun ọjọ́ náà láìsọ fún ẹnìkan tí yóò sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham:

Mo kí gbogbo yín láti London. Ní tèmi, ọkọ̀ ni mo pàdánù. Òfin ibí sọ pé ẹni tí glaucoma bá mú ojú rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ fi tó DVLA létí, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Mo pa á mọ́ra fún oṣù mẹ́ta, lójoojúmọ́ sì ni ẹ̀rù ń bà mí pé n ó pa ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún mi, mo kùnà, mo sì dá ìwé náà padà. Èmi ni mo máa ń gbé àwọn àgbà ìjọ wa relé lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ó wá di pé èmi ni wọ́n ń gbé.

Ohun tó ṣe mí ní ìjàǹbá jù lásìkò náà ni àwọn tó ń ní kí n máa dúpẹ́, pé ohun tó ṣe àwọn mìíràn ju tèmi lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi òótọ́ náà dí mi lẹ́nu. Ẹnìkan wà ní ilé ìwòsàn tí mò ń lọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jókòó ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ fún. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọ̀fọ̀ ni mò ń ṣe, pé ẹni tó ṣe ọ̀fọ̀ lè sunkún. Mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ ọ̀nà bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní England, bí òbí yín, ọmọ yín, tàbí ọmọ ìyá yín bá ní in, tí ẹ sì ti pé 40 ọdún, NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, ń sanwó àyẹ̀wò ojú yín. Ẹgbẹ́ Glaucoma UK náà ní fóònù tí èèyàn lè pè, tí yóò sì bá ẹni tó ní sùúrù pàdé.

Alhaji Ìṣẹ́yìn:

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí ẹni tí ojú ń dùn máa mu lítà omi kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní òwúrọ̀, kó tó jẹun, pé gbogbo ìdọ̀tí ojú ni yóò ṣàn jáde. Ẹ fi dánwò, kò náni lówó.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì:

Alhaji, ẹ ṣeun, mo mọ̀ pé àánú ló mú yín sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ní glaucoma ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń gbé agbára inú ojú sókè fún ìgbà díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa mu ún láàárín ọjọ́. Kí a má tilẹ̀ sọ ti ìtọ̀ màlúù àti omi iyọ̀ tí àwọn kan ń rọ sójú.

Ohun tí mo rí ní wọ́ọ̀dù ni pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé “ìwòsàn” tuntun wá ni ọkàn aláìsàn máa ń fò sókè, bí kò bá sì ṣiṣẹ́, yóò já wálẹ̀ ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti rí ẹni tó dá oògùn dúró lẹ́yìn ìṣọ́ òru, tó sọ pé bí òun bá tún kán an, àìnígbàgbọ́ ni. Nígbà tó padà wá, ojú kan ṣoṣo tó kù ti lọ, ó sì gbà pé ìgbàgbọ́ òun ni kò tó. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì kán oògùn.

Ìyàwó Awakọ̀, Abẹ́òkúta:

Ẹ jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọkọ mi ló ní in. Fún ọdún mẹ́rin ni ó fi pa á mọ́ fún mi bí Tíṣà ṣe ń ṣe yìí, èmi sì rò pé obìnrin mìíràn ló wà níta, nítorí kò fẹ́ jáde pẹ̀lú mi lálẹ́ mọ́. Tíṣà, ẹ má bínú o, ẹ lè má mọ ohun tí ìyàwó yín ti rò sínú tirẹ̀.

Nígbà tó wá sọ ọ́ tán, èmi ni mo wá ṣàṣejù. Mo ń gé ẹran fún un, mo ń bá a gbé fóònù rẹ̀, mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má jẹ́ kí bàbá wọn fa omi. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó bi mí pé, “Ṣé mo ti kú ni?” N kò ní èsì. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni owó iléèwé, n kì í sì bá a dá sí i bí kò bá pè mí.

Ohun tí a yí padà nínú ilé kò tó nǹkan. A fi ọ̀dà funfun kun etí àtẹ̀gùn, a kì í fi àga sí ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀, mo sì rí i pé bí mo bá bu àmàlà sínú abọ́ dúdú, yóò máa fi ọwọ́ wá a kiri, ṣùgbọ́n bí ó bá wà nínú abọ́ funfun, ó ń mú òkèlè rẹ̀ bí àtijọ́. Abọ́ funfun la wá ń lò fún gbogbo ilé, kó má baà dà bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Ọ̀dọ́ Ìkòròdú:

Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ọdún 28 ni mí, ọmọ ọdún 19 ni mo wà nígbà tí wọ́n rí i, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé àrùn arúgbó nìkan ni. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló ń kó ìpayà bá èmi. Ọmọbìnrin kan tí mo sọ ọ́ fún, ìyá rẹ̀ béèrè bóyá ó ń ràn. Kì í ràn. Wọ́n tún béèrè bóyá ọmọ lè jogún rẹ̀. N kò lè sọ pé rárá, wọ́n sì gba ọmọ wọn lọ. Ẹni tí mo ń fẹ́ báyìí, ìgbà tí a pàdé lẹ́ẹ̀kẹta ni mo sọ fún un. Èmi fara mọ́ kí a tètè sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ kí a tó rán aṣọ.

Tíṣà Òkè-Àdó:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ sí ibí, mo jẹ yín ní èsì.

Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyàwó Awakọ̀ sókè fún ìyàwó mi. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún un nìyẹn, nítorí ẹnu mi kò gbà á lọ́nà mìíràn. Kò sunkún. Ó ní òun ti mọ̀ pé nǹkan kan wà láti ọjọ́ tí mo da ọbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ tí mo sì pariwo mọ́ ọmọ. Lẹ́yìn náà ló wá bínú, ó sì bínú fún ọjọ́ méjì, ó sì tọ́ sí i.

Ní ọjọ́ Sátidé, àwa méjèèjì lọ sí ilé àbúrò mi. Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi ní ọwọ́ òsì, kó na ọwọ́ sókè, kó sì máa rìn bọ̀ wá síwájú díẹ̀díẹ̀ títí n ó fi sọ pé mo rí i. Ó rìn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú imú mi. Àbúrò mi dìde kúrò lórí àga. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ní iwájú mi gan-an lọ́tẹ̀ yìí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o,” èmi náà sì dá a lóhùn bí ẹni tó ń san gbèsè. Aáwọ̀ ilé bàbá wa ṣì wà níbẹ̀ o, ẹ má rò pé ó ti parí.

Ní ti fèrèsé, n kò tíì jáwọ́ pátápátá. Mo ka dé márùn-ún ní àná, oorun gbé mi lọ.

Nọ́ọ̀sì, mo ní ìbéèrè kan. Àbúrò mi ti pé ẹni 47, ó ń lọ fún àyẹ̀wò ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rù sì ń bà á débi pé ó ń bi mí bóyá ó gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ lọ ni.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì:

Kó jẹun dáadáa. Kó mú gbogbo oògùn tó ń lò lọ́wọ́ kí wọ́n lè rí i, kó sì sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n òun ní in. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kán oògùn tó ń mú kí ọmọlójú fẹ̀ sí i lójú, ojú rẹ̀ á ṣe bàìbàì fún wákàtí mélòó kan, nítorí náà kó má wa ọkọ̀ lọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ sìn ín lọ, Tíṣà.